Ṣé orúkọ wa ò ní parẹ́? Bí wọ́n ṣe ń nu sáfà ìwé orúkọ, tí wọ́n sì ń tún un kún

Gbólóhùn kan wà tó máa ń já àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ láyà tí oníkọ̀ǹpútà wọn bá sọ ọ́: "A máa nu database ti Ìjẹdẹ̀ nù pátápátá, ká tún un kún látọ̀dọ̀ ti Sábó." Etí ọ̀gá kì í gbọ́ ju "nu nù pátápátá" lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á ti lọ sórí orúkọ òṣìṣẹ́, pásíwọ́ọ̀dù, email, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń kó jọ látọdún gbọ́nhan. Oníkọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ rò pé òun ti ṣàlàyé tán. Ìbẹ̀rù ọ̀gá yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù òpè o, iṣẹ́ náà lè ba nǹkan jẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ibi tó ń wò kọ́ ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòròdú ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Sábó, tó wá ya ẹ̀ka sí Ìgbógbó àti Ìjẹdẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà. Nọ́ọ̀sì kan yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà ní Sábó lọ́jọ́ Ajé. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní Ìjẹdẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kọ̀ǹpútà ò gba pásíwọ́ọ̀dù tuntun, ti àtijọ́ ló ń gbà. Lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n rí i pé akáǹtáǹtì tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní Sábó, ṣì lè wọlé sórí kọ̀ǹpútà ní Ìjẹdẹ̀ bí ẹni pé kò lọ síbì kan. Ẹjọ́ méjì ló jọ, àmọ́ àrùn kan ló fa méjèèjì: sáfà Sábó àti sáfà Ìjẹdẹ̀ ò gbọ́ra wọn mọ́.

Kí ni sáfà ìwé orúkọ?

Iléeṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀ kò ní fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sójú kan: orúkọ òṣìṣẹ́, ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àdírẹ́sì email rẹ̀, fáìlì tó lè ṣí àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ojú kan yẹn ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní directory server. Sáfà ìwé orúkọ ni n ó máa pè é níbí. Tí ẹ bá tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù yín láàárọ̀, kọ̀ǹpútà iwájú yín kọ́ ló ń dá yín mọ̀. Ó ń ránṣẹ́ bi sáfà yẹn léèrè ni.

LDAP ni èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kí kọ̀ǹpútà kékeré lè rí ọ̀nà bá X.500 sọ̀rọ̀, ìyẹn ètò ìwé orúkọ àtijọ́ kan tó wúwo jù fún wọn. Ní 1993 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni 389, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn sáfà tó gbajúmọ̀, 389 Directory Server, ti mú orúkọ tuntun rẹ̀ ní 2009. Iṣẹ́ Netscape ni tẹ́lẹ̀ kí Red Hat tó rà á ní 2004 lọ́wọ́ AOL, tó ti ra Netscape. OpenLDAP náà wà, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Active Directory ti Microsoft lẹ ó sì bá ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ń lo Windows. Orúkọ wọn yàtọ̀, àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo wọn.

Kí ló wá dé tí wọn ò fi sáfà kan ṣoṣo sí Sábó, kí gbogbo ẹ̀ka máa bi í? Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú ò nílò àlàyé gígùn. Agbègbè wa níbí ni iléeṣẹ́ iná Egbin wà, tí wọ́n kọ́ láti máa mú 1,320 megawatt jáde, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣọ́jà. Wọ́n gbẹ́ kòtò ojú títì láàárọ̀, wọ́n ti gé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀sán. Tó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo ni, iná Sábó á lọ, dókítà Ìjẹdẹ̀ ò sì ní lè ṣí fáìlì aláìsàn. Torí náà, wọ́n á gbé sáfà sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìwé orúkọ kan náà á wà nínú gbogbo wọn, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ọ̀kan á máa lọ bá àwọn tó kù. Èyí ni replication. Wọ́n sì sábà máa ń tò ó débi pé kò sí ọ̀gá láàárín wọn: èyíkéyìí nínú wọn ló ṣeé kọ nǹkan tuntun sí. Ìrọ̀rùn ńlá lèyí, òun náà ló sì ń bí wàhálà.

Nọ́ńbà tó ń bá ìyípadà kọ̀ọ̀kan rìn

Àwọn sáfà yìí kì í gbé odindi ìwé orúkọ fún ara wọn lójoojúmọ́. Ìyípadà nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́: "yí nọ́ńbà fóònù Bísí padà", "fi Káyọ̀dé kún un", "yọ Ṣadé kúrò". Kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú 389 Directory Server, ó máa ń rí báyìí:

66a1f3c2000100030000

Ó jọ ohun tí ọmọdé fi ọwọ́ tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ ó ṣeé kà. Mẹ́jọ àkọ́kọ́, 66a1f3c2, ni àkókò: iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, tí wọ́n kọ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ka nǹkan. Èyí bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2024, ní aago 7:42 àárọ̀ tiwa ní Nàìjíríà. Mẹ́rin tó tẹ̀lé e, 0001, wà fún ìgbà tí ìyípadà bá ju ọ̀kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Láti 0000 ni wọ́n ti ń kà á, torí náà ìkejì lèyí. Mẹ́rin tó tún tẹ̀lé, 0003, ni nọ́ńbà sáfà tí wọ́n ti ṣe ìyípadà náà. Tí Sábó bá jẹ́ 1, tí Ìgbógbó jẹ́ 2, tí Ìjẹdẹ̀ jẹ́ 3, a ti mọ̀ pé Ìjẹdẹ̀ ni ẹnì kan ti jókòó yí nǹkan padà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ò kan ìtàn wa.

Sáfà kọ̀ọ̀kan tún ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní RUV: nọ́ńbà ìyípadà tó gbà kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ sáfà 1, èyí tó gbà kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ sáfà 2, èyí tó gbà kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ sáfà 3. Bí méjì bá pàdé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n á kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ yìí wé ara wọn. Sábó á ní, "Mo rí i pé ohun tó o gbà kẹ́yìn lọ́wọ́ mi ni ti àná. Gba mẹ́rìnlá tó tẹ̀lé e." Ó parí. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, kò séwu, tó bá dé wọ́n á bá ara wọn dọ́gba láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Ètò yìí dára púpọ̀, àmọ́ ó fẹ̀yìn ti nǹkan méjì. Aago ni àkọ́kọ́. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí aago máa rìn bí iná ò bá sí. Tó bá ti kú, sáfà lè jí lẹ́yìn òkùnkùn kó rò pé ọdún mìíràn la wà. Gbogbo nọ́ńbà tó bá fún ìyípadà á wá jẹ́ irọ́. Bí ìyàtọ̀ aago bá ti ju ọjọ́ kan lọ, 389 Directory Server á kọ̀ láti bá sáfà kejì da nǹkan pọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bátìrì yẹn ò wọ́nwó, mi ò tíì mọ ìdí tí a fi máa ń dúró dìgbà tó bá bà wá lórúkọ jẹ́.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ àwọn ìyípadà fúnra rẹ̀. Wọn kì í tọ́jú rẹ̀ títí ayé, torí á kún dísìkì. Lẹ́yìn iye ọjọ́ kan, wọ́n á gé apá àtijọ́ kúrò. Bí Ìjẹdẹ̀ bá wà lókùnkùn ju iye ọjọ́ yẹn lọ, tó bá padà dé, Sábó á wo ìwé, á rí i pé ojú ewé tí Ìjẹdẹ̀ nílò ò sí mọ́. Kò sí bó ṣe lè bá a dọ́gba nípa ìyípadà díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ọ̀kan lára ìdí tó dájú jù lọ tí wọ́n fi ń nu sáfà nù nìyí.

Akáǹtáǹtì tó lọ tí kò lọ

Ohun tí a bá yọ kúrò nínú ìwé orúkọ ló ṣòro jù. Tí ẹ bá fi orúkọ kún un, orúkọ náà wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ọ́, kí ló máa sọ fún àwọn sáfà yòókù pé ẹ yọ ọ́? Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé orúkọ tí ẹ yọ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Ó di òkúta sàréè kan nínú database, tí ojú lásán ò lè rí, tó ń sọ fún àwọn tó kù pé ẹni yìí ti kúrò. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, wọ́n á wá gbá a dànù. Bí 389 Directory Server bá ṣe wá látilẹ̀, ọjọ́ 7 ni. Nínú Active Directory, ọjọ́ 60 ni nígbà Windows 2000, ó sì di 180 fún èyí tí wọ́n bá dá sílẹ̀ tuntun láti Windows Server 2003 SP1.

Ká wá ní jẹnẹrétọ̀ Ìjẹdẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ń wá owó tí wọ́n fi máa tún un ṣe, sáfà ò rí iná fún oṣù kan gbáko. Láàárín oṣù yẹn, wọ́n yọ akáǹtáǹtì ní Sábó, òkúta sàréè rẹ̀ dúró fún ọjọ́ 7, wọ́n sì gbá a. Nígbà tí Ìjẹdẹ̀ jí, kò sí ẹni tó lè sọ fún un mọ́ pé akáǹtáǹtì ti lọ. Àkúdàáyà gidi ló dà: wọ́n ti sin ín ní Sábó, ó ń tajà ní Ìjẹdẹ̀. Àwọn àkúdàáyà inú ìtàn a máa sá tí ará ilé wọn bá rí wọn. Èyí ò ní sá. Tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan orúkọ náà ní Ìjẹdẹ̀, àwọn ètò kan wà tí wọ́n á tún gbé e padà sí Sábó, kó wà láàyè níbi méjèèjì. Fún ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ààbò ni, torí orúkọ yẹn lè ṣí àkọsílẹ̀ owó.

Kò sí bí ẹ ṣe lè máa fi ọwọ́ yọ irú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ò mọ iye tó wà. Ọ̀nà tó mọ́ ni kí ẹ nu ẹ̀dà tó ti sùn jù yẹn nù, kí ẹ fún un ní tuntun.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dà pọ̀

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń lo restart, restore, reset àti re-initialize bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Wọ́n jìnnà síra.

Restart, ẹ pa á, ẹ tàn án. Kò fọwọ́ kan orúkọ kankan.

Restore ni ọ̀fìn gidi. Ẹ ní backup ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé e padà sínú sáfà. Lórí kọ̀ǹpútà tó dá wà, ìyẹn tó. Níbi tí sáfà mẹ́ta ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ fi ojú inú wò ó: ẹnì kan ṣèèṣì yọ gbogbo orúkọ ẹ̀ka yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀ òní. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé backup àná wá. Wọ́n gbé e sí Sábó, orúkọ wọn padà, gbogbo ènìyàn yọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìgbógbó wo àkọsílẹ̀ Sábó, ó ní, "Ó dà bíi pé o ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ti yọ àwọn wọ̀nyí." Sábó á sì tún yọ wọn, tìgbọràn-tìgbọràn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán replication ló ṣe. Nínú Active Directory, wọ́n ní ọ̀nà kan láti borí èyí: wọ́n máa ń fún ohun tí wọ́n gbà padà ní nọ́ńbà ẹ̀dà tó ga gan-an, 100,000 lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí backup náà ti pẹ́ sí, kí àwọn sáfà yòókù lè gbà pé òun ló tuntun jù.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà nínú restore. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn sáfà tó jẹ́ fáìlì lásán nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan, lè dá sáfà padà sí àwòrán rẹ̀ ti àná láìjẹ́ kí sáfà fúnra rẹ̀ mọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyípadà tuntun ní nọ́ńbà tó ti lò tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní àwọn ti gba nọ́ńbà yẹn, wọn ò sì ní gbà á. Ìyípadà tuntun á kàn máa há síbi kan ṣoṣo láìsí ariwo. Active Directory a máa sé irú sáfà bẹ́ẹ̀ mọ́lé tó bá ti fura. Láti Windows Server 2012 ni Microsoft ti fi àmì kan sí i tí sáfà fi lè mọ̀ pé wọ́n ti dá òun padà sẹ́yìn.

Reset ní tiẹ̀ ni pé kí ẹ pa gbogbo àkọsílẹ̀ replication rẹ́: nọ́ńbà, RUV, àdéhùn tó wà láàárín sáfà àti sáfà. Orúkọ ènìyàn lè wà síbẹ̀, àmọ́ sáfà ò rántí ẹni tó ti bá sọ̀rọ̀ rí. Re-initialize ni kí sáfà kan kó odindi ìwé orúkọ rẹ̀ fún òmíràn, kí ẹni tó ń gbà á kọ́kọ́ nu tirẹ̀ nù. Àwọn méjèèjì máa ń tẹ̀lé ara wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n pọ̀.

Àmì kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, torí òun ló máa ń hàn nínú log, ìyẹn ìwé tí sáfà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sí. Bí wọ́n bá da ìwé orúkọ sínú sáfà láti inú fáìlì lásán tí kò ní ìtàn replication nínú, sáfà náà á dá àmì ìran tuntun fún un. Sáfà méjì tí àmì ìran wọn ò bára mu kò ní fún ara wọn ní ìyípadà kankan, kódà bí orúkọ inú wọn bá jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Log á wá sọ pé àmì ìran database tó wà lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí ti ibí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ní láti re-initialize ọ̀kan nínú méjèèjì. Sáfà ò sọ èwo nínú méjèèjì. Kò mọ̀ ọ́n.

Ta ni yóò fún ta?

Ohun tó yẹ kí ọ̀gá bèèrè nìyẹn, ohun tí mo sì ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní ibi tó ń wò kọ́ ni ewu wà. Nínù ò burú, torí ẹ̀dà mìíràn wà. Ibi tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ló lè pa èèyàn lára. Bí wọ́n bá mú Sábó fún Ìjẹdẹ̀, ohun tó wà ní Ìjẹdẹ̀ nìkan tí Sábó ò ní yóò lọ. Bí ọwọ́ bá ṣì, tí wọ́n mú Ìjẹdẹ̀ tó ti sùn fún oṣù kan fún Sábó, iṣẹ́ oṣù kan ti gbogbo ilé ìwòsàn lọ nìyẹn, akáǹtáǹtì àkúdàáyà yẹn á sì di ará ìlú níbi gbogbo. Àṣẹ kan náà ni, bọ́tìnnì kan náà. Orúkọ sáfà tí wọ́n kọ síwájú ló yàtọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó fúnni? Wọ́n á wo RUV mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n mọ èyí tó gbọ́ ìròyìn gbogbo ènìyàn jù. Wọ́n á ka iye orúkọ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè bá wọn ṣe: wọ́n á mú àwọn orúkọ tí wọ́n mọ ìtàn wọn, nọ́ọ̀sì tó dé lóṣù yìí, dókítà tó lọ, akáǹtáǹtì yẹn, wọ́n á wò wọ́n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibí ni mátírọ́ọ̀nù àti ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ti wúlò ju oníkọ̀ǹpútà lọ. Tí oníkọ̀ǹpútà bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ìwé yìí, ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí?" kí mátírọ́ọ̀nù má rò pé kò mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n tó nu ohunkóhun, ó yẹ kí wọ́n kó ohun tó wà nínú Ìjẹdẹ̀ jáde sínú fáìlì LDIF, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí ènìyàn lè ṣí kà. Orúkọ kan nínú rẹ̀ máa ń rí báyìí:

dn: uid=badebayo,ou=noosi,dc=apeere,dc=ng
cn: Bisi Adebayo
telephoneNumber: 0800 000 0000

Tí wọ́n bá fi LDIF Ìjẹdẹ̀ wé ti Sábó, ohun tó yàtọ̀ á fara hàn: nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Ìjẹdẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sáfà ò gbọ́ra wọn mọ́, ẹnì kan tó yí nọ́ńbà fóònù padà. Wọ́n á kọ wọ́n sílẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ nu sáfà nù láì kọ́kọ́ kó LDIF jáde, ẹ dá a dúró. Mi ò rí ìdí kankan tó lè dára tó láti má ṣe é.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an

Èyí kúrú ju ìmúrasílẹ̀ lọ. Wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má yí nǹkan padà fún wákàtí kan, méjì. Wọ́n á pàṣẹ fún Sábó pé kó kún Ìjẹdẹ̀. Ìjẹdẹ̀ á nu tirẹ̀ nù, á máa gba tuntun, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi tán. Àwọn kọ̀ǹpútà Ìjẹdẹ̀ á ní láti máa bi Sábó tàbí Ìgbógbó ní àkókò yẹn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Fún ilé ìwòsàn tó ní òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì, kíkún náà lè má ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ariwo ibẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Fún ibi tí orúkọ ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì jẹ́ irú tiwa, ó lè gba àkókò gan-an, ó sì lè já lágbedeméjì. Bó bá já, sáfà tó ń gbà á á wà lófìfo, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Fún irú ibẹ̀, wọ́n lè kó LDIF Sábó jáde tòun ti ìtàn replication inú rẹ̀, kí wọ́n fi dírááìfù gbé e dé Ìjẹdẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí wọ́n sì dà á sínú sáfà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "tòun ti ìtàn replication" yẹn ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, Ìjẹdẹ̀ á dá àmì ìran tirẹ̀, a ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì náà, torí nọ́ńbà fóònù ènìyàn àti pásíwọ́ọ̀dù wọn (tí wọ́n ti fi àmì bò) wà nínú rẹ̀, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti 2023 sì kan ilé ìwòsàn kékeré náà. Kí a tó mọ̀, dírááìfù ti bọ́ sílẹ̀ ní Ògólóńtò.

Ohun tí nínù yìí ò fọwọ́ kàn náà wà. Ìtò sáfà fúnra rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ààbò rẹ̀, nọ́ńbà 3 tó ń jẹ́, wọ́n wà níbòmíràn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n rẹ́ pẹ̀lú. Pásíwọ́ọ̀dù ò parẹ́ bákan náà: bó ṣe wà ní Sábó ni yóò ṣe wà ní Ìjẹdẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yí tirẹ̀ padà lọ́jọ́ Ajé á kàn rí i pé ti tuntun ti ń ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá pinnu láti fún Ìjẹdẹ̀ ní sáfà tuntun pátápátá dípò èyí tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà tuntun, ká ní 4, kí wọ́n má sì ṣe da àwòrán sáfà kan sórí òmíràn kí méjì máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Nọ́ńbà 3 àtijọ́ ò ní lọ fúnra rẹ̀ o. Sábó àti Ìgbógbó á ṣì máa tọ́jú ojú ìlà rẹ̀ nínú RUV, wọ́n á máa retí ìròyìn ẹni tí kò ní dé mọ́, log á sì kún fún ẹ̀sùn. 389 Directory Server ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CLEANALLRUV tó máa ń gbá nọ́ńbà òkú bẹ́ẹ̀ kúrò lára gbogbo sáfà. Mo ti rí i pé wọ́n sábà máa ń gbàgbé èyí, torí ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan ti dà bí ẹni pé ó ti dára.

Lẹ́yìn kíkún, wọ́n á dán an wò ní ọ̀nà méjèèjì: wọ́n á fi orúkọ ìdánwò kan sí Sábó, wọ́n á wò ó ní Ìjẹdẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ ní Ìjẹdẹ̀, wọ́n á wò bóyá ó kúrò ní Sábó. Yíyọ yẹn ni kí ẹ rí i pé wọ́n dán wò, kì í ṣe fífi kún un nìkan. Wọ́n á wá mú àwọn nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti inú LDIF Ìjẹdẹ̀, wọ́n á tún wọn forúkọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà ní Ìjẹdẹ̀ nìkan láàárín ìgbà tí àwọn sáfà ò gbọ́ra wọn, wọ́n á sọ fún un pé ti àtijọ́ ló máa fi wọlé, kó tó yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i.